Mo jágbe mọ́ ìyá mi tó ń ṣàìsàn, láti ọjọ́ náà àdúrà kò jáde lẹ́nu mi mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹni ọdún 47 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ó ti pé ọdún méjì ààbọ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá mi. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì lọ lẹ́nu wọn. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní London, àbúrò mi wà ní Èkó, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ nígbà tó bá wà. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, èmi ni mò ń pàrọ̀ aṣọ ìdí wọn. Ìsọ̀ mi lọ́jà kì í sábà ṣí mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàrọ̀ aṣọ wọn tán lóru, wọ́n tún tọ̀ sí i lójú ẹsẹ̀. Mo jágbe mọ́ wọn, mo ní, “Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?” Wọ́n bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kì í jáde. Àwọn kan ní ìjọ ní ẹ̀ṣẹ̀ ló wà nídìí àìsàn yìí, pé bí ìgbàgbọ́ mi bá tó ni, Màmá ìbá ti dìde. Mo fẹ́ràn Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, Ìyá. Níbo ni kí n ti rí agbára?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àìsùn. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé yín. Ọdún 34 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń bá ìjọ mi lọ wo àwọn aláìsàn nílé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìkan kọ́ ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn. Bàbá àwọn ọmọ mi wà lórí ibùsùn fún ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó sinmi. Àrùn tó kọlu Màmá ló kọlù wọ́n, apá kan náà ló sì mú. Mo mọ bí òru ṣe máa ń gùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ igbe tí ẹ jẹ́ yẹn, torí òun ló há yín lọ́fun.

Ní ọdún kẹta àìsàn Bàbá, láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti ń fi ṣíbí kékeré fún wọn ní ògì fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n ń gbà á sẹ́nu, wọn kò gbé e mì. Bí mo ṣe ní kí n tún fi ṣíbí kan kún un, wọ́n tú gbogbo rẹ̀ sí mi láyà, sára aṣọ iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Mo ju ṣíbí mọ́ ògiri. Mo sọ ohun tí n kò lè kọ síbí. Mo jáde sẹ́yìn ilé, mo jókòó sórí bákẹ́ẹ̀tì tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Nígbà tí mo padà wọlé, Bàbá ti fi ọwọ́ òsì wọn, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, mú etí aṣọ ìbora, wọ́n ń fi nu ògì tó dà sórí ibùsùn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń nù ún. Wọ́n ń bá mi tún un ṣe.

Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Wọn kò lè dáhùn. Wọ́n kàn fi ọwọ́ òsì yẹn gbá èjìká mi pẹ́pẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyẹn. Ẹ lọ bá Màmá, ẹ kúnlẹ̀ kí ojú yín lè bá tiwọn dọ́gba, ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ forí jì mí. Ó rẹ̀ mí ni, n kò bínú sí yín.” Ẹ má rò pé torí pé wọn kò lè sọ̀rọ̀, wọn kò gbọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí àrùn yìí gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ló ń gbọ́ ju bí a ṣe rò lọ. Ẹkún tí wọ́n sun náà, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yín dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ tún mọ èyí: ọgbẹ́ inú ọpọlọ máa ń mú kí ẹkún tàbí ẹ̀rín já lẹ́nu aláìsàn lójijì, nígbà mìíràn láìsí ohun kan tó ṣe é. Mo ti rí ọmọ tó fi irú ẹkún bẹ́ẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún ọdún gbọọrọ. Bí ẹ bá ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá, tí ẹ tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má máa hú u jáde lóròòru.

Ẹ ní ọ̀rọ̀ kì í jáde bí ẹ bá kúnlẹ̀. Mo fura pé irú àdúrà kan ṣoṣo ni ẹ ń wá lẹ́nu ara yín, àdúrà ẹni tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé fún. A ti kọ́ ara wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bí wọ́n bá ti bi wá pé ilé ńkọ́, “a dúpẹ́” ni ká sọ. Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú, itọ́ funfun là ń tu. Ọpẹ́ dára, mi ò ní ká má dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Sáàmù 88. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, igbe ni. Ọ̀pọ̀ sáàmù tó fi ẹkún bẹ̀rẹ̀ ló fi ìyìn parí, eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀, inú òkùnkùn ló parí sí. Síbẹ̀ inú Bíbélì ló wà, kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Ẹ sì wo ẹni tí onísáàmù náà ń ké sí: “Ọlọ́run ìgbàlà mi” ló pè É ní ẹsẹ kìíní, kó tó tú gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ jáde.

Ẹ tún rántí Hánà ní Ṣílò. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an, ètè rẹ̀ ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Élì rò pé ó ti mutí yó. Àlùfáà gan-an kò mọ̀ pé àdúrà ni! (Orúkọ Hánà yẹn ni wọ́n fún Àfàlá, ìyá Àjàyí Crowther, nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Abẹ́òkúta ní 1848. Ogun ti ya òun àti ọmọ rẹ̀ nípá fún nǹkan bí ọdún 25 kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn ní 1846. Mo máa ń ronú nípa irú àdúrà tí kò ní ohùn tí ìyá yẹn ti gbà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kó tó mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ.)

Torí náà, bí ọ̀rọ̀ kò bá jáde, ẹ mí kanlẹ̀ níwájú Rẹ̀. Róòmù 8:26 sọ pé Ẹ̀mí ń bẹ̀bẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìrora tí a kò lè fẹnu sọ. Ẹ lè wà nídìí aṣọ tí ẹ ń fọ̀, kí ẹ ní, “Olúwa, òórùn yìí ti sú mi, ràn mí lọ́wọ́.” Àdúrà ni, kò sí ohun tó kù sí i.

Wàyí o, ẹ béèrè ibi tí ẹ ti lè rí agbára. Ẹ bá mi dé abẹ́ igi kan nínú aginjù, nínú 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ yẹn, ẹni tí iná ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lóhùn lórí òkè Kámẹ́lì. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bá a wí. Kò sì ní kó lọ gbààwẹ̀. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì wá fọwọ́ kàn án, àkàrà tí wọ́n dín lórí ẹ̀yinná àti ìgò omi ti wà nígbèrí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì náà padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kó tún jẹun, torí ọ̀nà náà jìn fún un. Ogójì ọjọ́ lẹ́yìn oúnjẹ yẹn, ní Hórébù, ni Ọlọ́run tó bi í ní ìbéèrè kankan. Ìwàásù tí mo ti gbọ́ lórí iná Kámẹ́lì kò níye. Ó wù mí kí wọ́n máa wàásù àkàrà yẹn náà fún àwa tí à ń tọ́jú aláìsàn.

Ohun tí mo rí nínú ìwé yín ni pé ẹ kì í sùn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì lè búra pé ẹ kì í jẹun lásìkò. Ẹ wá ń wá ohun tó bàjẹ́ nínú ìgbàgbọ́ yín. Kò sí ohun tó ṣe ìgbàgbọ́ yín, arábìnrin mi. Ara ló rẹ̀. Púpọ̀ nínú agbára tí ẹ ń tọrọ, inú oorun àti oúnjẹ àti ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni yóò ti wá.

Nípa àwọn tó ní ẹ̀ṣẹ̀ ló fà á, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Jésù ní ìbéèrè kan náà nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, Ó sì dáhùn ní Jòhánù 9 pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà, kì í sì í ṣe ti òbí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ àrùn rọpárọsẹ̀ tí mo tọ́jú. Bí wọ́n bá sì ní oògùn ń ta ko ìgbàgbọ́, ẹ ka 2 Àwọn Ọba 20. Ọlọ́run ti ṣèlérí láti ẹnu wòlíì Àìsáyà pé Òun yóò wo ọba Hesekáyà sàn, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n mú ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n sì fi lé oówo tó ń ṣe ọba náà. Ìlérí wà, oògùn wà, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn jà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún Màmá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ dá a dúró. Mo mọ ẹni tó dá tirẹ̀ dúró lẹ́yìn ìpàdé àdúrà. Oṣù méjì kò pé tí àrùn náà fi tún kọlù ú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ fi owó oògùn tàbí owó páńpásì Màmá jẹ́ ẹ̀jẹ́, ẹ jẹ́ kí ó ka Máàkù 7, níbi tí Jésù ti bá àwọn tó ń pe ohun ìtọ́jú òbí wọn ní Kọ́bánì, ìyẹn ẹ̀bùn tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, wí.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lógún jù nìyí. Lórí àgbélébùú, pẹ̀lú ìṣó lọ́wọ́, Jésù wo ìyá Rẹ̀, Ó sì fà á lé ọmọ-ẹ̀yìn tí Ó fẹ́ràn lọ́wọ́. Jòhánù 19 ní láti wákàtí náà ni ọmọ-ẹ̀yìn náà ti mú un lọ sílé ara rẹ̀. Ẹni tó jí Lásárù dìde kò ṣe iṣẹ́ ìyanu kankan lórí ọ̀rọ̀ ìyá Rẹ̀. Ó wá ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbà mí nígbà tí ojú ń tì mí láti ní kí ẹnikẹ́ni ràn mí lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ni Màmá bí. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má bú wọn. Ẹ ka iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo sí wọn létí láti ìdájí títí di òru, ìgbà tí ẹ wẹ̀ wọ́n, ìgbà tí ẹ yí wọn padà, iye ìgbà tí ẹ dìde lóru. Ẹni tí kò sí nílé kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ sọ ọ́ ketekete. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá ní kí owó máa wọlé ní ọjọ́ kan pàtó lóṣooṣù, kó tó gba ẹni tí yóò máa wá ràn yín lọ́wọ́ láàárọ̀ bí ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ìsọ̀ yín lè ṣí. Màá ní kí àbúrò máa wá láti Èkó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó wá sùn ti ìyá rẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, kí ẹ̀yin lọ sùn sí ilé ọ̀rẹ́. Màá ní kí ẹ̀gbọ́n fi ìsinmi ọdún wọn wálé, kí wọ́n gba iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni ìtọ́jú àwọn àgbà jẹ́ iṣẹ́ wọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nítòsí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ní kó wá sórí fídíò WhatsApp, kó kọ́ yín bí a ṣe ń gbé aláìsàn láì ṣe ẹ̀yìn ara ẹni léṣe.

Ìjọ ńkọ́? Bí wọ́n bá tún ní “à ń gbàdúrà fún yín o”, ẹ ní, “Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ẹ lè bá mi jókòó ti Màmá lọ́jọ́ Wẹ́sidé, láti agogo 3 sí agogo 6?” Kí ẹ wá dákẹ́, kí wọ́n dáhùn. Èmi kò mọ̀ ọ́n ṣe fún ọdún méjì. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ ìyá ló fúnra rẹ̀ wá, lọ́jọ́ Tọ́sìdé kan. Kò wàásù. Ó fọ àwo, ó bẹ iṣu, ó ní kí n lọ wọ yàrá. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni mo sùn. Nígbà tí mo jí, àdúrà wà lẹ́nu mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbà á. Tọ́sìdé-Tọ́sìdé ló ń wá fún ọdún mẹ́rin.

Ẹ rántí ẹlẹ́gbà tí wọ́n gbé gba orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀ ní Kápánáúmù. Àìsàn ara rírọ bíi ti Màmá ni. Ènìyàn mẹ́rin ló gbé e, Máàkù sì ní ìgbàgbọ́ wọn ni Jésù rí. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ibùsùn Màmá láti ọdún méjì ààbọ̀.

Ẹ tún bá pásítọ̀ yín sọ ọ́ pé kí wọ́n máa gbé Oúnjẹ Olúwa wá fún Màmá nílé, kí ẹ̀yin náà sì jẹ nínú rẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Lọ́sàn-án, ẹ máa gbé póò fún Màmá ní wákàtí méjì-méjì, kó tó di pé wọ́n tọ̀ sára. Ẹ jẹ́ kí omi púpọ̀ tí wọ́n ń mu wà ní àárọ̀ àti ọ̀sán, kó dín kù ní ìrọ̀lẹ́. Bí ìtọ̀ náà bá ń já lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀, tó ń rùn, tàbí tí ara wọn gbóná, ẹ mú wọn lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì nítorí egbò ẹ̀yìn. Kí wọ́n jókòó ṣánṣán nígbà oúnjẹ, kí wọ́n sì wà ní ìjókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà òdì. Bí omi bá ń há wọn lọ́fun, ẹ sọ fún dókítà. Ibi ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà wà ní ilé ìwòsàn UCH níbẹ̀ ní Ìbàdàn, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, 2012 ni wọ́n ṣí i. Ẹ mú Màmá lọ síbẹ̀. Tí ẹ bá sì rí i pé ọkàn yín ń sọ pé kí ẹ kú, tàbí pé kí ẹ ṣe Màmá léṣe, ẹ má dá a mọ́ra, ẹ sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Èlíjà sọ ọ́ jáde, Ọlọ́run kò sì kẹ́gàn rẹ̀.

Ó ku ohun kan. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ti lọ lẹ́nu Màmá. Ṣé ẹ ti bá wọn kọrin? Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ní ipa tó pọ̀ nínú orin. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò lè sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ fi lè kọ orin tó ti mọ̀ láti kékeré. Bàbá kò pe orúkọ mi mọ́ títí wọ́n fi lọ. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo ń fi aṣọ tútù nu ẹ̀yìn wọn lábẹ́ àtùpà, mo sì ń kùn orin ìrọ̀lẹ́ kan tí a máa ń kọ nílé. Èémí tán nínú mi ní ìparí ìlà àkọ́kọ́, mo dúró láti fún aṣọ náà. Wọ́n gba ìlà kejì lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ náà pé, kò sí ọ̀kan tó já.

Lálẹ́ òní, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọrọ àforíjì, ẹ wá orin kan tí Màmá fẹ́ràn nígbà tí ara wọn le, tí wọ́n máa ń kọ nídìí iṣẹ́. Ẹ kọ ìlà kìíní rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì dúró, kí ẹ má yára. Bí kò bá jáde lónìí, ẹ tún kọ ọ́ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á.